Bí Mo Ṣe Kọ́ Èdè Klingọn Nílé Ọkọ

Fún bí ọdún méjì tí mo ti wọ ilé ọkọ mi ní Ọ̀wọ̀, kò sí ẹnikẹ́ni tó bá mi jà, ohun tó sì ń bí mi nínú gan-an nìyẹn.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni mí, ní Àkókó. Iṣẹ́ tíṣà ló gbé mi dé Ọ̀wọ̀, ibẹ̀ ni mo ti pàdé ọkọ mi, nígbà tó sì fẹ́ mi tán, inú ilé bàbá rẹ̀ la ń gbé. Bí àwọn ará ilé náà bá wà láàrin ara wọn, èdè Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń sọ, èdè tó ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, tó sì ní bó ṣe ń yí ẹnu, tó jẹ́ pé bí ará Ìbàdàn bá gbọ́ ọ, á ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n tún un sọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti yọjú sí wọn báyìí, kíá, wọ́n á pa á tì, wọ́n á bọ́ sí Yorùbá inú ìwé, irú èyí tí wọ́n ń bá àlejò àti òṣìṣẹ́ ìjọba sọ. "Ìyàwó wa, o kú iṣẹ́ o. Ṣé o sùn dáadáa?" Lẹ́yìn ọdún méjì! Wọ́n ṣì ń bi mí bóyá mo sùn dáadáa, àfi bíi pé òtẹ́ẹ̀lì ni mo wọ̀ sí.

Ìyálé mi, ìyẹn ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ọmọ Ọ̀wọ̀ ni tirẹ̀. Bó bá jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná, wọ́n á fi Ọ̀wọ̀ bú u, òun náà á fi Ọ̀wọ̀ dá wọn lóhùn, ariwo á sọ, kí iyán tó délẹ̀ wọ́n á ti máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná lọ́jọ́ kan, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí odindi ìkòkò kan. Wọ́n ní, "Kò burú, ìyàwó wa, ọbẹ̀ a máa jóná." Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún.

Lọ́jọ́ mìíràn, mò ń gbé ata bọ̀ láti ẹ̀rọ, mò ń gbọ́ ẹ̀rín ìyálé mi àti aládùúgbò wa kan láti ìta. Ẹ̀rín yẹn pọ̀ débi pé wọ́n ń gbá ògiri. Mo wọlé, ilé dákẹ́. Mo ní, "Kí lẹ̀ ń fi rẹ́rìn-ín?" Ìyálé mi nu ojú rẹ̀, ó ní, "A kàn ń sọ̀rọ̀ òjò ni." Òjò kẹ̀! Ta ló ń fi òjò rẹ́rìn-ín tí omijé fi ń bọ́ lójú rẹ̀?

Kì í ṣe pé mi ò gbìyànjú. Mo ti ń gbọ́ èdè náà díẹ̀díẹ̀, etí mi ò dí. Mo to gbólóhùn kan jọ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, mo tún un sọ sínú títí ó fi dán, mo wá lọ bá ìyálé mi lẹ́yìnkùlé, mo sọ ọ́. Obìnrin yìí pàtẹ́wọ́! Ó ní, "Ìyàwó wa mà gbìyànjú o!" Ó wá fi Yorùbá dá mi lóhùn. Bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra.

Mo fi ẹjọ́ sun ọkọ mi. Ó ní, "Wọ́n ń bu ọlá fún ọ ni." Mo ní ọlá wo? Mo ní àwọn àgbà sọ pé àlejò bí òkété là á fi ẹ̀kùrọ́ lọ̀. Ṣé ó rí ìrù lára mi ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó yí kọjú sí ògiri, ó sùn. Òun alára, Yorùbá ìwé ló fi fẹ́ mi, òun náà ló ń fi bá mi gbé.

Kí n má sì tíì sọ ti "ẹ". Nílé ọkọ, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti bí kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ rẹ̀ ni, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ, "ẹ" ni yóò sì máa fi bá a sọ̀rọ̀. Ìyá mi kọ́ mi ní èyí yékéyéké kí wọ́n tó sìn mí wá. Ọmọbìnrin ìyálé mi ò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà tí mo dé. Mo sọ ọ́ ní Ẹlẹ́yinjú-Ẹgẹ́, mo sì máa ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tọ̀ sí mi lára." Wọ́n á tọ̀ sí mi lára.

Ẹni tó wá burú jù nínú gbogbo wọn ni ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi obìnrin, Ìyá Ìdóàní. Ìdóàní ni wọ́n gbé e níyàwó sí, ibẹ̀ ló ti ń ta iṣu, ṣùgbọ́n òun ni àgbà ọmọ-osú, ìyẹn àgbà nínú àwọn ọmọbìnrin ilé náà, bó bá wá bẹ̀ wá wò, kódà adìyẹ á wábi sá sí. Ó fi ọjọ́ orí ju ìyá tó bí mi lọ dáadáa. Gbogbo ìyàwó ilé ló ń bú. Èmi nìkan ni kò bú rí. Ẹ wo ìyà tó jẹ mí, ẹ̀yin ènìyàn: obìnrin yìí ń fi "ẹ" pè mí! "Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ má da ara yín láàmú o, ẹ jókòó." Mo dọ̀bálẹ̀ ọkàn, mo kúnlẹ̀ ara, kò gbà. Èmi tí mò ń fi "ẹ" bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀! Ọjọ́ tó bá ti wá, n kì í lè jẹun.

Ohun tí mò ń fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ. Kí ẹnì kan nínú ilé yẹn, ẹnì kan ṣoṣo, lanu sí mi ní èdè wọn láìrò ó tẹ́lẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí ìwé dé láti Amẹ́ríkà.

Bàbá ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì nígbà náà. Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló jẹ́ títí orí rẹ̀ fi funfun. Ìyàwó rẹ̀, ìyá ọkọ mi, ti di olóògbé kí n tó dé, nítorí náà nǹkan méjì ló kù tí Bàbá fẹ́ràn láyé: ṣòkòtò tí wọ́n lọ̀ tí ó gún, àti gírámà. Bí oníròyìn bá ṣe àṣìṣe nínú rédíò, Bàbá á tún un ṣe fún un lórí àga. Bí iná bá wà, wọ́n á di mẹ́ta: eré kan lórí tẹlifíṣọ̀n, níbi tí àwọn kan ti ń gbé ọkọ̀ rìn láàrin ìràwọ̀, tí wọ́n ń pàdé àwọn jagunjagun oníwájú híhunjọ tí wọn kì í sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́. Klingọn ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà mọ̀ pé ó fẹ́ràn wọn. Ló bá fi ìbọ̀sẹ̀ mélòó kan ránṣẹ́ pẹ̀lú oògùn agbára, ó sì ki ìwé kan mọ́ ọn, ìwé tó kọ́ni ní èdè àwọn jagunjagun náà.

Mò ń gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí Bàbá pè mí. Ó ti gbé jìgí rẹ̀ sókè sí iwájú orí.

"Ìyàwó, ìwọ tíṣà, wá wo nǹkan. Ẹnì kan jókòó, ó dá odindi èdè sílẹ̀ láti inú agbárí rẹ̀! Kò tán síbẹ̀ o. Ó ṣe gírámà fún un!" Ó na ìwé sí mi. "Ṣùgbọ́n wo ìkọ̀wé rẹ̀ ná. Wo lẹ́tà ńlá láàrin ọ̀rọ̀! Ta ló kọ́ wọn níwèé? Bí ọmọ kíláàsì mi bá kọ báyìí, kò ní lè fi ìdí jókòó."

Mo wò ó lóòótọ́, lẹ́tà ńlá àti kékeré kàn ń ti ara wọn. Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, mo jókòó lórí àpótí. Kí n má parọ́ fún yín, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà ló mú mi jókòó. Ohun tí mo rò lọ́kàn mi ni pé, ó dáa, èdè kan wọnú ilé yìí tí Bàbá náà jẹ́ àlejò sí. Níbẹ̀, èmi àti òun jọ wà níta ni. Ẹnikẹ́ni ò ní lè pàtẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Láti ọjọ́ náà lọ, bí mo bá ti dé láti ilé-ìwé, tí mo ti gbé oúnjẹ fún un, a ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

"Wò ó," Bàbá á wí, "nínú Yorùbá wa, ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ a máa dá dúró láyè ara rẹ̀. Mo gbọ́. O gbọ́. Ó gbọ́. Kálukú jókòó sórí àga tirẹ̀. Àwọn wọ̀nyí, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe bí àfòmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ igi kòkó. Ẹni tó ṣe nǹkan àti ẹni tí wọ́n ṣe é sí, àwọn méjèèjì wà nínú sílébù kan ṣoṣo!"

Ó fi hàn mí. Qoy ni wọ́n ń pe gbọ́. Bó bá jẹ́ ohùn ẹnì kan tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ni mo gbọ́, wọn á fi qa síwájú rẹ̀: qaQoy, mo gbọ́ ọ. Bí àwọn tí mo gbọ́ bá pọ̀, Sa ni wọ́n ń fi síwájú: SaQoy, mo gbọ́ yín. Ìbéèrè ńkọ́? Ìdí ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń so ìyẹn mọ́: choQoy'a', ṣé o gbọ́ mi? Iwájú kún, ẹ̀yìn kún, ọ̀rọ̀-ìṣe wá há sáàrin bí èrò tó jókòó sáàrin nínú mọ́tò Àkúrẹ́. Q ńlá yẹn gan-an, ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun ló ti ń jáde, bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Bàbá pè é, ìyálé mi sáré gbé omi wá.

Ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí Bàbá ní kí n sọ fún òun pé mo gbọ́. Mo lanu, mo ní, "SaQoy."

Bàbá yí ọrùn wo ẹ̀yìn. "Ta ló tún dúró lẹ́yìn mi?"

"Kò sẹ́nì kankan, Bàbá. Ẹ̀yin nìkan ni."

"Bó bá jẹ́ èmi nìkan, qaQoy ni."

"Háà, Bàbá! Ìyẹn 'mo gbọ́ ọ' ni. Ṣé bàbá ọkọ mi ni kí n máa pè ní 'ìwọ'?"

"Gírámà ni!"

"Ilé ọkọ ni, Bàbá!"

Ó ní ìwé ò gbà. Mo ní ẹnu mi ò gbà. Ó ní àwọn ènìyàn wọ̀nyí ò mọ̀ pé à ń sọ ẹnì kan di púpọ̀ torí pé ó dàgbà, pé ẹni kan, ẹni kan ni lọ́dọ̀ tiwọn. Mo bi í bóyá wọn kì í gbé ìyàwó ni. Ó ronú sí i díẹ̀, ó ní òun ò rí ìyàwó kan níbi tí òun ti ń wò wọ́n, ogun nìkan ni òun ń rí. Mo ní abájọ.

Ìjà yìí gba ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bí mo bá ti sọ pé "SaQoy", Bàbá á bẹ̀rẹ̀ sí kí àwọn èrò ẹ̀yìn rẹ̀ káàbọ̀, á ní kí wọ́n wá àga. Mo gbádùn rẹ̀, kí n sọ tòótọ́. Lọ́jọ́ kan nínú àwọn ọjọ́ náà, ẹnu mi yọ̀, mo ní, "Bàbá, dípò gbogbo wàhálà yìí, ẹ ò ṣe kúkú kọ́ mi ní Ọ̀wọ̀?"

Ó yọ jìgí rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀wọ̀ kẹ̀? Ìyẹn ò níwèé. Wọn kì í kọ́ni ní Ọ̀wọ̀, ìyàwó. Wọ́n máa ń bá ènìyàn sọ ọ́ ni."

Mo ní, "Ta ni yóò wá bá mi sọ ọ́?"

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní ohun gbogbo ní àsìkò. Yorùbá ìwé ló fi sọ ọ́, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀. Mo kó abọ́, mo wọlé.

Àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, mò ń sẹ́ ògì, ló bá di pé Bàbá ya wọ ilé ìdáná. Ẹni tí kì í wọ ilé ìdáná! Ìyálé mi fò dìde, ó rò pé ẹnì kan kú ni. Bàbá na ìwé sókè, ó ń pariwo, "Ìyàwó! Mo ti rí i! Ìrù ni! Ìrù rẹ̀ ló wà!"

Ó ti wá inú ìwé yẹn títí ó fi rí àfòmọ́ kan tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe, neS, fún ìgbà tí ènìyàn bá ń bá ẹni tó jù ú lọ sọ̀rọ̀ tó sì fẹ́ bu ọlá fún un. qaQoyneS. Mo gbọ́ ọ, iyì ńlá ló sì jẹ́ fún mi. Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní, "Bàbá, ìyẹn ni pé iwájú ọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ rí yín fín, ẹ̀yìn rẹ̀ á wá máa bẹ̀bẹ̀?" Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Mo ní ó dáa, mo gbà, tí mo bá ti lè sọ ọ́ kíákíá kí ẹ̀bẹ̀ tètè dé. Ìyálé mi wò wá, ó wo ògì, ó mi orí. Ó sọ nǹkan kan lábẹ́ ohùn ní Ọ̀wọ̀, sí ògì ni, kì í ṣe sí mi.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ "ẹ" ti parí, Bàbá tún gbé òmíràn dé. Ó ní mò ń sọ èdè àwọn jagunjagun bí ẹni tó ń tọrọ iyọ̀. Ó ní àwọn ènìyàn yẹn kì í kúnlẹ̀ sọ̀rọ̀, wọn kì í wolẹ̀. Wọ́n á dúró ṣánṣán, wọ́n á yọ àyà síta, wọ́n á wo ojú ara wọn, wọ́n á sì ké e jáde. Mo ní Bàbá, mi ò lè dúró lórí yín kí n máa ké. Ó ní ṣé kí òun pàṣẹ ni? Ó ní òun pàṣẹ. Kí ni ìyàwó fẹ́ ṣe?

Ọjọ́ Sátidé ni, ọ̀sán gangan. Ọkọ mi ti lọ sí Àkúrẹ́. Ìyálé mi wà lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń fọṣọ. Èmi àti Bàbá dúró kojú ara wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ooru mú, mo ti tú gèlè mi sí orí àga. A bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí nǹkan ṣe máa ń rí, kò pẹ́ tó fi wọ̀ wá lára. Bàbá á na ìka sí mi, á ké: "choQoy'a'!" Ṣé o gbọ́ mi? Èmi náà á yọ àyà, màá na ìka padà sí i, màá fi gbogbo ọ̀fun ké: "qaQoyneS!" Bàbá á ní kò tíì dé ibẹ̀, kí n tún un ṣe, kí Q dún. Itọ́ ń fò. Ojú Bàbá ti pọ́n. Inú mi dùn bí inú ọmọdé.

Ó ṣẹlẹ̀ pé Ìyá Ìdóàní sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà wa lákòókò yẹn, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ iṣu lórí.

Ẹ bá mi wo ohun tó rí. Ìyàwó ilé, tí kò wé gèlè, tó dúró gàgà, tó yọ àyà, tó na ìka sí bàbá ọkọ rẹ̀ lójú, tó ń gbó mọ́ ọn. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé sì dúró níwájú ìyàwó yìí, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń wú ikọ́. Apẹ̀rẹ̀ já bọ́. Iṣu yí kiri àgbàlá.

"Yéè! Ó fẹ́ pa á o!"

Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí ariwo rẹ̀ tó tán. Ó gun àtẹ̀gùn wá, ó dúró lórí mi. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Yorùbá, bó ṣe máa ń ṣe sí mi. Ó ní, "Ẹ̀yin tí a pè ní ọ̀mọ̀wé, ẹ̀yin tí a rò pé ẹ..." Ó dúró. Yorùbá inú ìwé ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ìbínú tó wà nínú obìnrin yẹn ju ohun tó lè gbé lọ. Ló bá fi Ọ̀wọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó sọ, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Mo mọ̀ ọ́n sọ lónìí, mi ò mọ̀ ọ́n kọ, ó sì tún wà lára ohun tó yẹ kó wà nínú ilé. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé ó bẹ̀rẹ̀ láti orí irun mi tí mi ò wé. Ó bọ́ sí ìyá mi ní Ìkàrẹ́, ó bèèrè irú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọmọbìnrin lọ́hùn-ún. Ó dé orí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó jóná! Wọ́n ti sọ fún un láti ìgbà náà! Gbogbo ohun tí wọ́n ti fi pamọ́ fún mi láti ọdún méjì, ó tú u dà sí mi lórí ní ọ̀sán yẹn. "Ẹ" ti fò lọ. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń bá mi sọ ọ́ ní Ọ̀wọ̀, kò sì rò ó tẹ́lẹ̀.

Èmi tí mo wà lórí ìkúnlẹ̀, omijé bẹ̀rẹ̀ sí dà lójú mi. Ó rò pé ọ̀rọ̀ òun ti wọ̀ mí lára ni, ó wá tẹ̀ ẹ́ sí i. Ṣé mo fẹ́ sọ fún un pé ayọ̀ ni? Mo ti ara mi mọ́lẹ̀ kí n má baà rẹ́rìn-ín. Ó bi mí léèrè ọ̀rọ̀ kan, mo sì fi Ọ̀wọ̀ dá a lóhùn. Ó gé ọ̀rọ̀ dúró. Ó ní báyìí kọ́ ni wọ́n ń pè é. Ó pè é fún mi, ó ní kí n pè é, mo pè é, ó tún un pè, mo tún un pè títí ó fi gún. Ó wá padà síbi tó ti dé nínú èébú.

Bàbá ti rí ẹnu sọ̀rọ̀ wàyí. Ọ̀wọ̀ ni gbogbo èyí o, èmi ni mò ń túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fara balẹ̀, gírámà la ń kọ́."

"Gírámà wo ló ń nàka sí ọ lójú?"

Ó gbé ìwé fún un. Ó ṣàlàyé ọmọ Amẹ́ríkà, tẹlifíṣọ̀n, jagunjagun, orí ọ̀rọ̀, ìdí ọ̀rọ̀. Ìyá Ìdóàní dorí ìwé kodò, ó tún un yí padà. Ó ní, "Kí ló wá ń sọ fún ọ tó fi ń gbó báyẹn?"

"Ó ní òun gbọ́ mi."

"Ta ni kò gbọ́ ọ? Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ yín! Mo ti ń gbọ́ yín láti inú mọ́tò!"

Ìyálé mi, tó ti sáré wá láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ìdóàní gbìyànjú láti mú ojú rẹ̀ le, kò lè ṣe é. Ìgbà tó di ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, ìyálé mi gbá mi léjìká, ó bi mí ní Ọ̀wọ̀ bóyá orí mi pé. Mo fi Ọ̀wọ̀ sọ fún un pé kò pé. Kò pàtẹ́wọ́.

Ìyá Ìdóàní ní kí n dìde, kí n ṣa iṣu, kí n bó o, kí n gún un, nítorí mo ti jẹ́ kí ebi pa òun. Mo ṣa iṣu. Mo bó o. Ẹ̀rù ń bà mí. Kì í ṣe ẹ̀rù èébú mọ́, ẹ̀rù pé wọ́n á rántí ni. Mo mọ̀ pé ìbínú ló mú ẹnu wọn yà, àti ẹ̀rín, pé bí méjèèjì bá lọ sílẹ̀, ẹnì kan á wò mí, á rántí pé èmi nìyí, á ní, "Ìyàwó wa, o kú iṣẹ́ o." Mo pa ẹnu mi dé. Mo rìn jẹ́jẹ́ láàrin wọn, mo gún iyán, mo gbé e kalẹ̀, mi ò jẹ́ kí abọ́ dún.

Wọ́n jẹun tán. Ilé ti rọlẹ̀. Ìyá Ìdóàní fọ ọwọ́, ó ti fara balẹ̀ pátápátá, ojú rẹ̀ ti tutù. Ó yí sí mi, ó wò mí. Mo ní nínú ara mi pé, ó ti tán.

Ó fi Ọ̀wọ̀ sọ fún mi pé iyọ̀ ọbẹ̀ mi ti pọ̀ jù, pé kí n lọ gbé omi wá.

Mo sáré lọ gbé omi.

Nígbà tí ọkọ mi dé láti Àkúrẹ́ nírọ̀lẹ́, wọ́n ti sọ fún un láti ẹnu ọ̀nà. Ó wọ yàrá wá, ojú rẹ̀ rọ̀, ó jókòó tì mí. Ó ní òun gbọ́ pé Ìyá Ìdóàní fi ọ̀rọ̀ gún mi lónìí, pé kí n má bínú, òun á lọ bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n má dán an wò mọ́. Mo dìde fùú. Mo ní kò gbọdọ̀ dán ìyẹn wò! Mo ní kó lọ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má tíì padà sí Ìdóàní lọ́la, nítorí ó hàn lójú wọn pé ọ̀rọ̀ ṣì kù nínú wọn tí wọn ò tíì bá mi sọ.